Ta Ló Gbin Igbó Inú Ìwé?

Máàpù yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀, a wà ní bíréèkì nínú kàńtíìnì warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba níbí, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ̀rọ̀ torí ẹsẹ̀ ń ro gbogbo wa, ni obìnrin Húngárì kan tá a jọ ń to páálí bá fa ìwé kan yọ nínú báàgì ẹ̀. Ìwé náà ti gbó débi pé wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí àkọ́kọ́ ti pọ́n bí epo, èkejì ṣì funfun. Ó ṣí i, mo rí àwọn òkè kéékèèké tí wọ́n fi tádàwà yà, odò tó gba àárín wọn kọjá, àwọn orúkọ tí mi ò lè kà torí èdè Húngárì ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé wa. Mo na ìka sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi táwọn òkè ti ká ilẹ̀ kan mọ́ bíi ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo ní, "Mordor."

Ó gbójú sókè wò mí. Oṣù mẹ́ta la ti jọ ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹ kú alẹ́ àti ó dàbọ̀ nìkan ló ń pa wá pọ̀. Ó gbé báàgì ẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n lè jókòó.

Ìwé Tolkien, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, ni, The Lord of the Rings, èyí tó sọ nípa òrùka, tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1954 sí 1955. Obìnrin yìí ní bàbá òun ló ra ti àwọn lọ́dún 1981, ọdún tó kọ́kọ́ jáde lédè Húngárì, wọn ò tíì bí òun nígbà yẹn, ìdìpọ̀ mẹ́ta ni, ìdìpọ̀ kìíní ló sì ń gbé káàkiri yìí. Bàbá ẹ̀ máa ń kà á sókè fún un nígbà òtútù. Ó wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ló túmọ̀ ẹ̀?" Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa, torí Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tiẹ̀ kì í bára wọn pàdé nígbà mìíràn. Ó tún un sọ. Ààrẹ.

Òótọ́ sì ni. Árpád Göncz lorúkọ bàbá náà, wọ́n bí i ní 1922. Nígbà táwọn ará Húngárì dìde sí ìjọba lọ́dún 1956, tí àwọn sójà Soviet wá fi táńkì tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n mú bàbá yìí, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un ní 1958. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1963 nígbà tí ìjọba foríji ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ó wá di ẹni tó ń fi títúmọ̀ ìwé jẹun. Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé òrùka yẹn, Ádám Réz, orí mọ́kànlá ló ṣe kí ikú tó mú un lọ, Göncz ló gbà á lọ́wọ́ òkú tó sì ṣe é parí. Lọ́dún 1990 ni wọ́n wá fi í jẹ ààrẹ, ó lo ọdún mẹ́wàá lórí àga náà. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ìjọba tì mọ́lé, inú àtìmọ́lé yẹn ló ti rí èdè tó fi mú ìtàn àwọn ẹni kúkúrú wá fáwọn èèyàn ẹ̀, àwọn ẹni kúkúrú tó gbé ohun agbára rìn títí kí wọ́n lè lọ jù ú nù, kí ẹnì kankan má baà lò ó mọ́.

Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà. Torí ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé ìtàn fántásì máa ń rin jìnnà torí pé kò ní ìlú, pé gbogbo èèyàn ló ń lálàá, nítorí náà gbogbo èèyàn ló lè fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò gbà. Ìtàn ò ní ẹsẹ̀. Ẹnì kan ló máa ń pọ̀n ọ́n. Ẹnì kan á fi ọdún bíi mélòó kan nínú ayé ẹ̀ gbé e kọjá odò, tó bá wá dé òdìkejì, ẹni tó gbà á ò ní gbà á bó ṣe rí, á tún igbó inú ẹ̀ gbìn, igi ìlú tiẹ̀ lá sì fi gbìn ín. Ohun méjì yìí ni mo rí tó ń sọ àjèjì di fáàn, mo sì ti rí i nínú ayé tèmi kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ni.

Ìyá mi ni tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tí nẹ́pà bá mú iná lọ lálẹ́, wọ́n á tan láńtà, wọ́n á gbé e sórí àpótí, wọ́n á mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Wọn kì í kà á bí ẹni ń kàwé, wọ́n máa ń ṣe é ni. Tí wọ́n bá dé ibi Agbako, wọ́n á rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ kó kan àyà, ohùn wọn á máa ti inú ikùn jáde. Fìlà irin lórí, ẹ̀wù idẹ lọ́rùn, ṣòkòtò awọ nídìí, ojú mẹ́rìndínlógún. Àwa ọmọ á máa ka ojú yẹn lórí ìka ara wa torí ìka ẹnì kan ò tó o, èmi àti àbúrò mi á pa ìka pọ̀, tá a bá dé orí ìkẹrìndínlógún àbúrò mi á fa ọwọ́ ẹ̀ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Kò ní lè dá jáde lọ tọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Igbó yẹn, mo mọ ibi tó wà. Tá a bá wọ bọ́ọ̀sì láti Ifẹ̀ lọ sí Oǹdó, a máa gba Òkè-Igbó kọjá, lẹ́yìn oko kòkó lẹ máa rí àwọn igi ńláńlá tó dúdú lókè, ìyá mi á fi ẹnu júwe ẹ̀ látojú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ibẹ̀ yẹn ni." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Títí dòní tí mo bá gbọ́ igbó, igbó kankan, àwọn igi yẹn ló máa ń dìde dúró níwájú mi.

Ìgbà tí mo wá dé ilé-ìwé gírámà, mo gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹnì kan mú ìwé kan wá tí kò ní èèpo. A ò mọ orúkọ ẹ̀, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó fẹ́ràn oúnjẹ àti ilé ẹ̀, ni àwọn aràrá mẹ́tàlá bá wá bá a jẹun láìjẹ́ pé ó pè wọ́n, wọ́n sì mú un lọ sí ìrìnàjò. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń sọ lọ́kàn mi pé mo mọ irú èyí o. Àwọn akọni tó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó nìyí, Kàkò oníkùmọ̀-ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, tí oníkálukú ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí ebi pa wọ́n pọ̀ tí wọ́n sì jọ yó. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé The Hobbit lorúkọ ìwé aràrá yẹn, pé Tolkien yìí kan náà ló kọ ọ́, àti pé ó jáde ní 1937, ọdún kan péré ló fi ṣáájú ti Fágúnwà.

Ibi tó wá mú mi pátápátá ni ibi tí ẹni kékeré náà ti ṣìnà nínú ihò òkè, nínú òkùnkùn, tó pàdé ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Gollum létí adágún omi, tí Gollum fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé ká pa àlọ́, tó o bá mọ̀ ọ́n o yè, tó ò bá mọ̀ ọ́n mo jẹ ẹ́. Haa! Àlọ́ àpamọ̀! Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń kà á, mo kígbe débi pé kapẹ́ńtà tó ń sùn lókè mi lórí ìbùsùn fi ẹsẹ̀ kan pákó. Kapẹ́ńtà là ń pè é torí bàbá ẹ̀. Mo jí i, mo ní gbọ́ ná, wọ́n ń pàlọ́ nínú ìwé òyìnbó. Kò gbà mí gbọ́. Mo kà á fún un, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwa kún un, a ní tí Gollum bá bi wá a máa bi òun náà, Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ṣé Gollum mọ omorógùn ni? Awẹ́ obì kan àjẹdọ́yọ̀ọ́. Ṣé á mọ̀ pé ahọ́n ni? A ti pa Gollum láyò ní òru yẹn kí àwọn yòókù tó pariwo mọ́ wa.

Igbó tó wà nínú ìwé náà, èyí tí wọ́n ní ó ṣókùnkùn, tí aláǹtakùn ńlá ti ta òwú sí, ẹ ti mọ igi tó wà níbẹ̀. Ìrókò ni, àti àràbà, àti oko kòkó ní etí ẹ̀. Mi ò tíì rí igi òyìnbó kankan rí nígbà yẹn, kí ni mo fẹ́ fi gbìn ín?

Ìwé yẹn ò ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n ti ya. Kapẹ́ńtà lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ kan pàdé nígbà họ́lídè tó ní odindi ẹ̀, kò gbà kó gbé e lọ, ló bá jókòó ó fi báírò búlúù da gbogbo ìparí ẹ̀ kọ sínú ẹsàsáìsì, ojú ewé mẹ́tàdínlógún, ó sì fi rúlà fàlà sábẹ́ gbogbo orúkọ èèyàn bí ẹni ń kọ nóòtì Báyọ́lọ́jì. Kò tíì pẹ́ tá a wọlé padà tí tíṣà kan rí ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ fọ́ọ̀mù kejì, ó ní ìwé òkùnkùn ni, ó gbà á, kò sì dá a padà mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ìparí ìtàn nìkan ló wá kù lọ́wọ́ wa, nínú ẹsàsáìsì. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn wa, ìparí yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà, wọ́n á wá máa bi wá pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, àwa á sì máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí tíṣà yẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó rò pé òun ń gbà wá là ni, ṣùgbọ́n kò kà á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo wá ka ìtàn àwọn ará Rọ́ṣíà, ńṣe ló dà bí ẹni pé mo rí mọ̀lẹ́bí mi. Ìwé aràrá yẹn jáde níbẹ̀ ní 1976, Natalia Rakhmanova ló túmọ̀ ẹ̀, ẹni tó yàwòrán sínú ẹ̀ sì fi ojú òṣèré wọn kan, Yevgeny Leonov, ya ẹni kékeré náà, òṣèré tí gbogbo ilé mọ̀, tó sanra díẹ̀ tí ojú ẹ̀ sì rọ̀. Ọmọ Rọ́ṣíà tó ṣí ìwé yẹn, ẹni ilé ẹ̀ ló ń wò. Ìwé òrùka ló wá ṣòro. Ní 1982 wọ́n tẹ apá kìíní ẹ̀ jáde, wọ́n sì ti gé nǹkan kúrò nínú ẹ̀, apá tó kù ò jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo ìyà yẹn ná, kí èèyàn ka apá kìíní kí apá kejì má sì sí! Àwọn tí ìwé yìí ti mú lọ́kàn ò dúró. Àwọn kan túmọ̀ ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n fi taipúráítà tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi kábọ̀n sáàárín bébà kí ó lè di mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ẹnì kan á sì ṣì fi òru kan péré kà á torí ẹlòmíràn ń dúró. Lọ́dún 1990, nígbà tí Soviet ò tíì tú ká, wọ́n kóra jọ sínú igbó lẹ́bàá Krasnoyarsk ní Sàìbéríà pẹ̀lú idà onígi, wọ́n fi ara wọn ṣe ìtàn náà. Inú igbó tiwọn. Mo rò ó pé ká ní Kapẹ́ńtà wà níbẹ̀, òun ni wọn ò bá fi ṣe olórí àwọn tó ń da ìwé kọ.

Iṣẹ́ àwọn tó ń pọn ìtàn yìí ò rọrùn o, àwọn onítàn fúnra wọn sì máa ń bínú sí wọn nígbà mìíràn. Åke Ohlmarks ló túmọ̀ ìwé òrùka sí èdè Súwídìn láàárín 1959 sí 1961, ó yí orúkọ padà bó ṣe wù ú, ó fi tiẹ̀ kún un, inú Tolkien ò dùn rárá, ara ohun tó mú kó jókòó kọ ìlànà sílẹ̀ nìyẹn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe àwọn orúkọ inú ìwé ẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí bàbá yìí bínú sí làwọn ará Súwídìn fi dàgbà, òun ni wọ́n fẹ́ràn, ó lé lógójì ọdún kí wọ́n tó ṣe tuntun. Bí mo ṣe ń bá òǹkọ̀wé kẹ́dùn náà ni mo ń gbè sẹ́yìn àwọn òǹkàwé. Wọn ò ní òmíràn. Ọmọ tí wọ́n gbé fún wọn ni wọ́n tọ́.

Tiwa náà kọjá níbẹ̀. Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, àwọn irúnmalẹ̀ tá a máa ń pè ní irinwó ó lé ọ̀kan di ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ orúkọ wọn ní sípẹ́lì àtijọ́, daemons, kí òǹkàwé má baà lọ rò pé ẹ̀mí èṣù inú Bíbélì ni wọ́n. Lẹ́tà kan péré ló fi kún un. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó pọ̀n ọ́n mọ ohun tó wà lẹ́yìn òun. Ká ní tíṣà wa yẹn mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni, bóyá ìwé wa ò bá wà lọ́wọ́ wa títí dòní.

Èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀ wò. Lọ́dún tó kọjá mo ní mo fẹ́ túmọ̀ orí tí wọ́n ti ń pàlọ́ yẹn fún ìyá mi, kí n kà á fún wọn lórí fóònù. Orúkọ àkọ́kọ́ ló ti dá mi dúró. Kí ni mo fẹ́ pe ẹni kékeré náà? Mi ò lè pè é ní aràrá torí aràrá gidi wà nínú ìtàn náà. Mo ronú egbére, ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n egbére máa ń sunkún kiri ni, òun àti ẹní ẹ̀, ẹni tiwa yìí sì fẹ́ràn ẹ̀rín àti jíjẹ. Mo ní iwin, ìyá mi ní kí n má dán an wò. Wọ́n ní, "Ṣé orúkọ èèyàn la ń túmọ̀ ni? Ẹ pè é bó ṣe ń jẹ́ kó máa lọ." Ẹranko tó sùn lórí wúrà wá ńkọ́? Mo pè é ní dírágónì bí Bíbélì wa ṣe pè é, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi mí bó ṣe rí, mo ṣàlàyé, wọ́n ní, "Òjòlá abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu. O ò rí i pé mo ti ń rí i báyìí?" Èmi náà rí i. Ó sì burú ju dírágónì lọ.

Mo wá kà á dé ibi àlọ́ kan. Àpótí kan wà, kò ní ìdè, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní ọmọrí, wúrà sì wà nínú ẹ̀. Mi ò tíì gba èémí tán tí ìyá mi fi ní, "Ẹyin ni! Kí ló dé tí kò tètè mọ̀ ọ́n? Àbí wọn kì í sin adìyẹ níbẹ̀?" Mo ní wọ́n ń sìn ín, mà, ó ti pẹ́ jù tí Gollum ti ń gbé inú òkùnkùn ni. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa kà á lọ. A lo wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, kádíì mi sì tán kí àlọ́ tó tán.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Amos Tutuola díẹ̀, torí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n fò ó. Ọmọ Abẹ́òkúta, ó ti ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún ẹgbẹ́ ológun òfuurufú òyìnbó nígbà ogun, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló ń ṣe nílé iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó nígbà tó ń kọ ìtàn ọ̀mùtí tó lọ wá adẹ́mu ẹ̀ lọ sílùú òkú. Faber tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, akéwì ńlá Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn, nígbà tó fi máa di 1953 Raymond Queneau ti túmọ̀ ẹ̀ sí Faransé. Àwọn kan nílé ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ ń tì wọ́n lójú. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi gbogbo wa ṣẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, lédè Yorùbá, pẹ̀lú ìlù àti orin, ọ̀mùtí wá ń sọ èdè tó yẹ kó ti máa sọ tẹ́lẹ̀. Ó ti lọ sí Faransé kó tó délé.

Irú àbọ̀ yẹn pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ. Kí Tolkien tó dé Oxford ló ti rí Kalevala, ewì àbáláyé àwọn ará Fínlándì, ó mú un débi pé nígbà tó débẹ̀ ó lọ gbé ìwé gírámà èdè wọn kó lè kà á, ó sì ti ara ẹ̀ mú ìró èdè kan tó dá sílẹ̀ fáwọn ẹ̀dá inú ìwé ẹ̀. Nígbà tí Kersti Juva wá túmọ̀ ìwé òrùka sí èdè Fínlándì láàárín 1973 sí 1975, ọmọ ń padà sílé ìyá ẹ̀ ni. Àwọn òrìṣà tiwa náà, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n bá àwọn bàbá wa dé Bahia. Ibẹ̀ ni Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, ti rí àwòrán wọn, ní Salvador, kó tó kọ ìwé ẹ̀ tó jáde ní 2018, tí àwọn ọmọdé tí kò gbọ́ Yorùbá rí wá ń fi ẹnu wọn pe ọfọ̀ Yorùbá nínú ẹ̀. Láti ilé lọ sí Bùràsíl, láti Bùràsíl lọ sí Amẹ́ríkà. Ta ló lè sọ pé òun mọ ibi tí ìtàn kan máa gbà dé?

Mo yá obìnrin Húngárì yìí ní Ògbójú Ọdẹ, èyí tí Soyinka túmọ̀. Ó gbé e lọ ní ọjọ́ Àìkú kan, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkàn mi ò balẹ̀, ká sọ tòótọ́. Ìwé tèèyàn fẹ́ràn, téèyàn bá fún ẹlòmíràn, bíi pé ó mú ìyá ẹ̀ wá kí wọn ni. Tí wọn ò bá wá fi ojú rere wò ó ńkọ́?

Òru ọjọ́ kan ló bá wá bá mi níbi tí mo ti ń wé náílọ́ọ̀nù mọ́ páálí, ó bi mí pé kí ni iyán, torí àwọn ọdẹ yẹn ń jẹ ẹ́ ṣáá. Mo gbé e wá fún un lọ́jọ́ kejì nínú kúlà, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́, ó ní, "Ó yẹ kí wọ́n lè bá Agbako jà." Ó wá sọ fún mi pé òun mọ igbó yẹn. Mo ní igbó wo? Ó ní igbó tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, wọ̀. Ó ní abúlé bàbá òun wà lẹ́bàá àwọn òkè Bükk, ní àríwá Húngárì, igi kan tó pọ̀ lórí òkè náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èèpo ara ẹ̀ ń dán bí eérú tí wọ́n fi omi pò, tí yìnyín bá bọ́ sílẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ohùn kankan nínú ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni. Òun mọ igi tí Àkàrà-ògùn gùn.

Ó kọ́kọ́ dùn mí, kì í ṣe díẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé rárá o, ìrókò ni, kòkó wà létí ẹ̀, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì Oǹdó ni wọ́n ti ń wò ó. Yìnyín! Nínú Igbó Irúnmalẹ̀! Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn aláǹtakùn tí mo ti gbé sórí àràbà láti fọ́ọ̀mù kẹta, tí ẹnì kankan ò sì wá láti Ìlú Ọba wá bá mi jà lórí ẹ̀. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Mo bi í bóyá igi náà ga. Ó ní ó ga gan-an.

Mo ròyìn ẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Fágúnwà dé ibi òtútù." Lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi vóìsì nóòtì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń dún lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e fún ọ̀rẹ́ mi tí kò gbọ́ Yorùbá yẹn, pé àwọn ti ka díẹ̀ fún un.

Mo gbé fóònù fún un ní bíréèkì. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí méjèèjì, ó dijú. Mo jókòó sí òdìkejì mò ń wo ojú ẹ̀. Fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kò sí nǹkan kan, ó ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò. Lójijì ló na ọwọ́ sókè, ó la ojú, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí kan.

"Eléyìí ló ní ojú mẹ́rìndínlógún yẹn, àbí?"

Mo ní òun ni. Ó dá a padà sétí. Wọ́n ti ń pè wá sẹ́nu iṣẹ́, àga ti ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo èèyàn ti ń wọ gílọ́ọ̀fù. Kò dìde.